A Kì í Mọ Orí Olóyè Láwùjọ

Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, tí àwọn baba ńlá wa ti ń jókòó sábẹ́ igi odán lọ́jọ́ ọ̀sán gangan láti wádìí ọ̀rọ̀ wò, ìbéèrè kan wà tí wọn kò yé bi ara wọn, tí àwọn ọmọ wọn tí ó gba ẹ̀sìn Kristi àti àwọn tí ó gba ẹ̀sìn Ànọ́bì kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní: bí ènìyàn méjì bá jọ jí ní kùtùkùtù, tí wọ́n jọ forí-fọrùn ṣe iṣẹ́ kan náà, tí ọ̀kan di ẹni tí ayé ń fi ìlù kí, tí èkejì sì padà sílé lọ́wọ́ òfìfo, kí ni ó fa ìyàtọ̀ àárín wọn? Àwọn kan ní orí ni. Pé ní ilé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí, ni olúkúlùkù ti lọ yan tirẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sáyé, ẹni tí ó bá sì yan èyí tí iná kò jó dénú yóò ru àbùkù rẹ̀ dé ibojì. Àwọn mìíràn ní ẹsẹ̀ ni. Pé bí orí bá tilẹ̀ ń gbéni lọ sí ibi rere, ẹsẹ̀ ni yóò rìn ín. Ẹgbẹ́ kẹta, tí wọn kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo, a máa rán wa létí pé àwọn ọmọ aráyé wà, tí wọ́n lè fi ọwọ́ pa orí rere dà bí kò bá sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́kun. Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ibi tí àwọn baba wa kò dé, nítorí pé nígbà mìíràn ilé àlejò ni ènìyàn ti í rí àṣírí ilé ara rẹ̀.

Oko tí mo ń pè yín lọ kò sí ní Ìbàràpá, kò sì sí ní Èkìtì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó wà, nínú eré kan tí wọ́n ń pè ní béésìbọ́ọ̀lù, tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù líle, tí ẹnì kejì ń fi ọ̀pá gbá a, tí ó sì ń sáré yí ibùdó mẹ́rin ká kí ó tó padà dé ibi tí ó ti gbéra. Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà ní Líìgì Ńlá, níbi tí òkìkí àti owó wà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ kó ju ènìyàn 26 lọ sójú eré ní ọ̀pọ̀ jùlọ nínú oṣù tí wọ́n fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn 26 yìí ni ogunlọ́gọ̀ mìíràn wà tí ayé kò mọ orúkọ wọn, àwọn ọmọ líìgì kékeré, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní tó 165 nínú wọn lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan, láìka àwọn tí ó wà ní òkè òkun mọ́ ọn. Oko ni àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ń pe ètò yìí, ọmọ oko ni wọ́n sì ń pe àwọn tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ Cardinals ti ìlú St. Louis dé gongo, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti St. Louis. Kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Dominican, níbi tí àwọn ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n wọn kò tíì kún ti ń kọ́ bí a ti í fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù fún owó. Kí ó ti ibẹ̀ kọjá sí Jupiter ní Florida, níbi tí àwọn ẹni tuntun ti ń ṣeré nínú oòrùn tí ó mú bí abẹ, tí kò sì sí òǹwòran kan tí yóò pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kí ó yà sọ́dọ̀ àwọn Palm Beach Cardinals, tí inú ìlú Jupiter kan náà ni pápá wọn wà, tí ipò wọn ń jẹ́ Single-A. Kí ó gòkè lọ sí Peoria ní Illinois, tí í ṣe High-A. Kí ó dé Springfield ní Missouri, tí í ṣe Double-A. Kí ó wá parí rẹ̀ sí Memphis ní Tennessee, tí í ṣe Triple-A, níbi tí ẹni tí ó bá dúró létí odò Mississippi, tí ó sì kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, St. Louis ni ó kọjú sí, nítorí pé odò kan náà ni ó kọjá lẹ́bàá ìlú méjèèjì. Ìrìn wákàtí mélòó kan nínú mọ́tò ni ó wà láàárín Memphis àti St. Louis, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti fi ọdún mẹ́wàá rìn ín tí wọn kò dé.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù nínú ìrìnàjò yìí ni ìrísí àwọn tí a ń bá lọ́nà. Nínú yàrá kan náà tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ni ọmọ ọdún méjìdínlógún tí wọ́n fi ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là rà ti ń jókòó ti baba ọlọ́mọ méjì tí kò mọ̀ bóyá yóò rí iṣẹ́ lọ́dún tí ń bọ̀, tí olókìkí kan láti Líìgì Ńlá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, sì wà láàárín wọn láti fi ọjọ́ díẹ̀ gbára dì. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, ìlù kan náà ni wọ́n ń jó. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a kò sì mọ èyí tí yóò gun òkè àjà nínú wọn.

Ẹni tí ó dá ètò oko yìí sílẹ̀ ni Wesley Branch Rickey, ọmọ àgbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Ohio, tí a bí ní 1881, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé, tí ó ṣe ìlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun kì yóò bá wọn lọ sórí pápá lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ó sì di ìlérí náà mú. Nígbà tí ó ń ṣe àkóso ẹgbẹ́ Cardinals lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹgbẹ́ náà kò lówó lọ́wọ́. Bí ó bá rí ọmọ tí ó mọ eré nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, àwọn ọlọ́rọ̀ láti New York a dé, wọn a fi owó bò ó mọ́lẹ̀, wọn a sì gbé ọmọ náà lọ. Rickey àti Sam Breadon, tí ó ni ẹgbẹ́ náà, wá pinnu pé ohun tí àwọn kò lè rà lọ́jà, àwọn yóò gbìn ín. Wọ́n ra ìpín nínú ẹgbẹ́ Fort Smith ní Arkansas, nínú ti Houston ní Texas, àti nínú ti Syracuse ní New York. Ní 1926, àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà fúnra wọn wà lára àwọn tí ó ṣẹ́gun Yankees láti gba ife ẹ̀yẹ tí ó ga jùlọ. Nígbà tí yóò sì fi di 1940, ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ Cardinals ti lé ní ọgbọ̀n, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó wà níkàáwọ́ wọn sì ti lé ní 600.

Nínú ọkùnrin yìí ni ìbéèrè wa ti di kókó. Orúkọ Wesley tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ ń tọ́ka sí John Wesley, baba àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ẹni tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú Thomas Birch Freeman lójú iwájú wọn, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, tí a sì ń jẹ èso iṣẹ́ wọn ní ilẹ̀ Yorùbá títí di òní. Wesley bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Whitefield jà lórí ọ̀ràn àyànmọ́ yìí gan-an: Whitefield, ní ọ̀nà Calvin, gbà pé Ọlọ́run ti yan ìwọ̀nba ènìyàn fún ìgbàlà kí a tó dá ayé, ṣùgbọ́n Wesley takú pé oore-ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn, àti pé ẹni tí ó bá dáhùn ìpè ni yóò rí i gbà. Rickey jẹ́ ọmọ Wesley nínú èyí. Kò gba ọ̀rọ̀ oríire gbọ́, ohun tí ó sì sábà máa ń sọ ni pé oríire kò ju ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fi ọgbọ́n ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ tán. Síbẹ̀, ẹ wo ilé tí ó kọ́! Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ṣí gbayawu gẹ́gẹ́ bí ti Wesley, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun yòówù ni ó lè wá sí ibùdó ìdánwò tí ó ń ṣe káàkiri, kí ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà òkè há gádígádí gẹ́gẹ́ bí ti Calvin, ìwọ̀nba tí a yàn nìkan ni ó sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ Jésù nípa àwọn tí a pè àti àwọn tí a yàn, Rickey fi koríko àti ọ̀pá kọ́ ọ sílẹ̀ ní ìlú ọgbọ̀n.

Bí a bá fẹ́ rí iṣẹ́ orí, kò yẹ kí a wò kọjá Stan Musial. Donora ni a ti bí i, ìlú ilé-iṣẹ́ irin ní Pennsylvania, tí baba rẹ̀ ti ilẹ̀ Poland wá ṣe làálàá sí. Nígbà tí ó wọ oko Cardinals ní Williamson, ní West Virginia, ní 1938, iṣẹ́ jíju bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbà á fún, nítorí apá òsì rẹ̀. Ní 1940 ó wà ní Daytona Beach, ó ń ju bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá jù, wọn a fi í sí ẹ̀yìn pápá nítorí pé ó mọ ọ̀pá í lò. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Ògún, ó fò láti hán bọ́ọ̀lù, ó fi èjìká òsì lélẹ̀, apá tí ó fi wọ iṣẹ́ sì kú mọ́ ọn lára. Ẹni tí ó bá rí i lọ́jọ́ náà yóò sọ pé orí rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọwọ́ tí kò lè jù mọ́ ni ó fi di ọ̀pá mú ní Springfield, ó gòkè lọ sí Rochester, nígbà tí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1941 kan náà sì dé, ó ti wà ní St. Louis. Kò bá ẹgbẹ́ mìíràn ṣeré mọ́ nínú Líìgì Ńlá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bọ́ọ̀lù tí ó gbá tí ó gbà á láyè láti dé ibùdó jẹ́ 3,630, ó gbá 1,815 nílé, ó sì gbá 1,815 ní pápá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, bí ẹni pé ẹnìkan fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n fún un láti ọ̀run wá. Orí tí ó ṣẹ́ ọ lápá ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ta ni ó mọ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i kí a tó kí orí kú iṣẹ́. Nígbà tí apá Musial bàjẹ́, ó rò ó pé kí òun padà sílé lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹni tí ó dá a dúró ni Dickie Kerr, ọ̀gá ẹgbẹ́ Daytona Beach, ẹni tí òun àti aya rẹ̀ gba tọkọtaya náà sínú ilé ara wọn. Kerr yìí ti wà ní Líìgì Ńlá rí. Ní 1919, nígbà tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ White Sox gba rìbá láti jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́gun àwọn, òun ni ó jù tọkàntọkàn, tí ó sì borí ní ẹ̀ẹ̀méjì. Síbẹ̀, àríyànjiyàn lórí owó iṣẹ́ ni ó gé iṣẹ́ rẹ̀ kúrú níbẹ̀. Musial sọ àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ní Richard nítorí Kerr, nígbà tí ọdún sì gorí ọdún ó ra ilé fún Kerr ní Houston. Àkúnlẹ̀yàn Musial lè jẹ́ ohun tí ó jẹ́ níwájú Àjàlá, ṣùgbọ́n bí Kerr bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ilé-iṣẹ́ irin ni ìbá gba àyànmọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ìbá mọ̀ pé orí ńlá kan ń fi òógùn wẹ̀ nídìí iná. Ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Orí pàápàá nílò ẹni tí yóò gbà á sílé.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa wá ọmọ tí ó mọ eré káàkiri a máa gbẹ́kẹ̀ lé òwe tí àwa náà ń pa, pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń pín àwọn ọ̀dọ́ láàárín ara wọn, tí ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ ń gba owó tí ó lè kọ́lé ńlá. Ní 1966, ẹgbẹ́ Mets ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ yàn, wọ́n sì yan Steve Chilcott, tí kò dé Líìgì Ńlá láéláé, nígbà tí Reggie Jackson, tí wọ́n fi sílẹ̀, di olókìkí kárí ayé. Ní 1991, Yankees kọ́kọ́ yan Brien Taylor, wọ́n sì san 1,550,000 dọ́là fún un. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ìjà kan fi ba èjìká rẹ̀ jẹ́, òun náà kò sì fojú kan Líìgì Ńlá. Ṣùgbọ́n ní 1988, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn ènìyàn, tí ó ti rẹ̀ wọ́n, Dodgers pe orúkọ Mike Piazza gẹ́gẹ́ bí ẹni 1,390, nítorí pé ìdílé rẹ̀ mọ Tommy Lasorda tí í ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ náà. Ní 2016 wọ́n gbé àwòrán idẹ rẹ̀ sí ilé ọlá àwọn akọni eré náà. Cardinals fúnra wọn pe ènìyàn 401 tán pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ yòókù ní 1999 kí wọ́n tó pe Albert Pujols. Ọdún kan péré ni ó lò nínú oko, ní Peoria àti níbòmíràn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi nígbà 703. Àwọn baba wa ti wí i: orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà, a kì í sì í mọ orí olóyè láwùjọ.

Ohun tí Rickey rí dájú nìyí. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè mọ orí olóyè láwùjọ, ó pinnu pé òun yóò ní àwùjọ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olóyè kò fi ní ṣaláì sí níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò mọ èyí tí yóò ta nínú iṣu rẹ̀ a kọ ebè púpọ̀, òun náà sì kọ ebè ènìyàn sílẹ̀ láti Georgia dé New York. Ọgbọ́n ńlá ni, a kò sì lè pè é ní èké. Ṣùgbọ́n ibi tí oko iṣu àti oko ènìyàn ti yà kúrò lára wọn kò ṣòro í rí: iṣu tí kò ta kò ní aya, kò ní ọmọ, kò ní ìyá tí ń retí lẹ́tà, ebi kì í sì í pa á nínú ebè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi ọdún mẹ́jọ sin oko, tí wọ́n sì sọ fún un lówúrọ̀ ọjọ́ kan pé kí ó kó ẹrù rẹ̀, ọdún mẹ́jọ nínú ayé rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó fi fún wọn, òun sì ni ó jẹ́ kí ẹni tí a yàn rí ẹni bá ṣeré. Kò sí bí Musial ti lè di Musial bí kò bá sí ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí i ní Springfield. Àwọn tí ó jù ú sí i ńkọ́?

Níbí ni mo ti fẹ́ kí a ṣọ́ra fún ẹnu ara wa, nítorí pé àwa tí a gba orí gbọ́ ni ó yá wa lára jù láti dá olówó láre. Bí a bá rí ẹni tí kò gòkè, a ó ní orí rẹ̀ ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún títí di 1946, kò sí ọmọ adúláwọ̀ kan nínú Líìgì Ńlá tàbí nínú oko tí ó so mọ́ ọn. Ṣé gbogbo orí dúdú ní Amẹ́ríkà ni Àjàlá kò jó dénú fún ọgọ́ta ọdún? Ní 1945, nígbà tí Rickey ti kúrò ní St. Louis, tí ó ti di ọ̀gá ẹgbẹ́ Brooklyn, ó fi ọwọ́ Jackie Robinson sínú ìwé, ó fi í sí oko Brooklyn ní Montreal fún ọdún kan, ó sì gbé e wọ Brooklyn ní oṣù Igbe ọdún 1947, ilẹ̀kùn tí wọ́n ní Ọlọ́run ni ó tì í sì ṣí. Ní St. Louis, ó di 1954 kí Tom Alston tó jẹ́ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò wọ aṣọ Cardinals. Orí Robinson kò yí padà láàárín 1944 sí 1945. Àwọn ọmọ aráyé ni wọ́n ká ọwọ́ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí àwọn ọmọ aráyé ń gbà fi ara pamọ́ sẹ́yìn orí ni ìdè àti owó. Kenesaw Mountain Landis, adájọ́ tí wọ́n fi ṣe olórí gbogbo eré náà, rí i ní 1938 pé Cardinals ń fi ọwọ́ bòńkẹ́lẹ́ darí ju ẹgbẹ́ kan lọ nínú líìgì kan náà, ó sì dá 74 nínú àwọn ọmọ oko wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Òfin kan tún wà tí ó fi àyè gba ẹgbẹ́ mìíràn láti mú ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi pamọ́ sí oko; ní ọdún 1954, nígbà tí Rickey ti dé ẹgbẹ́ Pittsburgh, òfin yìí, tí a ṣe nítorí irú òun, ni ó fi fa Roberto Clemente yọ kúrò ní oko Brooklyn ní 4,000 dọ́là péré, Clemente sì di ẹni ńlá. Ní ti owó, ìtìjú ni ó jẹ́. Títí di 2022, ọmọ oko tí ó wà ní Triple-A, ìpele tí ó kángun sí Líìgì Ńlá, lè máa gba 17,500 dọ́là lọ́dún, ẹni tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó Florida 4,800 dọ́là péré. Wọn kì í san kọ́bọ̀ fún wọn nígbà ìgbáradì, bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2018 sì dín ààbò òfin owó-iṣẹ́ kù lórí wọn. Ẹni tí ó rékọjá ìloro kan ṣoṣo yẹn sínú Líìgì Ńlá ní 2023, 720,000 dọ́là lọ́dún ni owó tí ó kéré jù tí wọ́n lè san fún un. Bí a bá bi àwọn olówó léèrè, wọn a ní ẹni tí ó bá ní orí rere yóò gòkè, yóò sì jẹun. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ orí pàápàá kì í wọ̀ ọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn ọmọ oko gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, àwọn ọ̀gá sì gbà ní 2022 láti san 185,000,000 dọ́là láti parí ẹjọ́ náà. Lọ́dún kan náà ni wọ́n wọ inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù Líìgì Ńlá, nígbà tí ó sì di oṣù Ẹrẹ́nà 2023 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó sọ 17,500 di 35,800, tí ó sì sọ 4,800 di 19,800. Èyí kò sọ ẹnikẹ́ni di olóyè. Ẹni tí kì yóò gòkè kò tíì gòkè. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé orí kò lòdì sí i, ọ̀run kò sì sán ààrá. Ohun tí a ti ń pè ní ìpín àwọn ọmọ oko láti ọjọ́ pípẹ́, ìwé kan àti kálàmù kan ni ó yí i padà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní owó kọ́ ni ohun tí ó dun ẹni tí a kò yàn jù, pé ohun tí ó dùn ún ni pé a kò yàn án. Òótọ́ sì ni. Ní Pawtucket, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ní alẹ́ Sátidé tí ó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1981, ẹgbẹ́ Rochester àti ti Pawtucket bẹ̀rẹ̀ eré tí abala mẹ́sàn-án yẹ kí ó parí. Ọ̀mì ni, wọ́n ń bá a lọ. Òtútù mú wọn débi pé wọ́n ń fi ọ̀pá tí ó ti ṣẹ́ dáná yá. Nígbà tí wọ́n dá eré dúró ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje ní òwúrọ̀ Àjíǹde, abala 32 ni wọ́n ti gbá, òǹwòran tí ó kù kò sì ju 19 lọ. Ní oṣù Òkúdù wọ́n padà wá, abala kan ṣoṣo ni ó sì parí rẹ̀: Dave Koza ti Pawtucket ni ó gbá bọ́ọ̀lù tí ó ṣẹ́gun. Cal Ripken wà lórí pápá náà fún Rochester, Wade Boggs sì wà níbẹ̀ fún Pawtucket, àwọn méjèèjì sì di ẹni tí a gbé àwòrán wọn sí ilé ọlá. Koza, tí ó parí iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì kò lè parí, kò ṣeré nínú Líìgì Ńlá lọ́jọ́ kan rí.

Kí ni kí a sọ fún Koza? Àwọn kan yóò mú Gift Ngoepe wá, ọmọ South Africa, tí ó wọ oko Pittsburgh ní 2008, tí ó fi ju ọdún mẹ́jọ lọ dúró níbẹ̀, tí ó sì di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò dé Líìgì Ńlá ní ọjọ́ 26 oṣù Igbe 2017. Wọn yóò mú Drew Maggi wá, tí òun náà kọ́kọ́ ṣeré ní Líìgì Ńlá fún Pittsburgh kan náà ní ọjọ́ 26 oṣù Igbe 2023, lẹ́yìn sáà 13 nínú oko, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 33. Wọn yóò ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ìtùnú rere ni, ṣùgbọ́n fún akólòlò tí ó pe baba ni. Ẹni tí ó kólòlò títí ó fi dákẹ́ ńkọ́? Bí iyì iṣẹ́ bá wà nínú yíyàn nìkan, a jẹ́ pé ní òwúrọ̀ Àjíǹde yẹn, àwọn tí a yàn nìkan ni ó ṣe nǹkan gidi lórí pápá náà, tí àwọn yòókù kàn ń yá iná lásán. Ọkàn mi kò gba èyí, mo sì gbà pé ọkàn ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ rí kò ní gbà á. Bọ́ọ̀lù tí Koza gbá kò dín ní bọ́ọ̀lù nítorí pé kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ pè é láti Líìgì Ńlá. Àwọn àgbà tí ó ní ìwà lẹwà kò sọ pé ìwà ẹni tí ó joyè nìkan ni. Ìwà, ìyẹn ni pípé tí ènìyàn pé sínú iṣẹ́ rẹ̀ ní agogo mẹ́rin òru nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò ó, kò sí lára ohun tí Àjàlá ń mọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá kankan kò lè fà á gé kúrò nínú ìwé.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí oko Cardinals fi kọ́ mi nípa ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, èmi yóò ní orí wà, nítorí pé èjìká Musial àti èjìká Brien Taylor bàjẹ́ bákan náà, wọn kò sì gbé wọn dé ibì kan náà. Ẹsẹ̀ wà, nítorí pé ẹni tí kò bá rìn dé Memphis, a kò lè pè é láti Memphis. Àwọn ọmọ aráyé sì wà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì pọ̀ ju bí a ti ń kà á lọ. Ìgbàgbọ́ nínú àyànmọ́ jẹ́ ìsinmi fún ẹni tí ó ti sa gbogbo ipá rẹ̀ tí kò bọ́ sí i, kí ó má baà fi ìbànújẹ́ pa ara rẹ̀. Lẹ́nu rẹ̀, àdúrà ni. Lẹ́nu ẹni tí ń gba iṣẹ́ rẹ̀ tí kò san owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ òdì ni. Bí ó ti rí nínú oko béésìbọ́ọ̀lù náà ni ó rí ní gbogbo ibi tí a ti ń pe ogunlọ́gọ̀ láti yan díẹ̀, ìbáà ṣe ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀kẹ́ àìmọye ń ṣe ìdánwò láti wọ̀, ìbáà ṣe ìjọ tí ọgọ́rùn-ún ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹnìkan tó di bíṣọ́ọ̀bù, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ọdún mẹ́fà sin ọ̀gá. Kí a má ṣe fi ẹni tí ó jáde níbẹ̀ di ńlá díwọ̀n wọn. Kí a bèèrè bí wọ́n ti ṣe àwọn tí kò di nǹkan kan. Yíyàn lè wà lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, ṣùgbọ́n òdodo sí ẹni tí a kò yàn, ọwọ́ ènìyàn ni ó wà, kò sì sí orí kan tí yóò bá a ru ẹ̀bi rẹ̀ bí ó bá kọ̀ láti ṣe é.